Ẹsẹ̀ Bàtà Méjì

Abẹ́ agboòrùn mi ni mo ti ń wo Òṣogbo,
láti orúnkún sísàlẹ̀.
Ẹ máa mú ojú yín lọ, ẹsẹ̀ ni mo mọ̀.

Olùkọ́ kan wà ní Òkè-Fíà:
gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ló máa ń jẹ tán ṣáájú ọ̀tún.
Ẹsẹ̀ kan lórí ọ̀dà, èkejì nínú yanrìn,
torí ibi tí wọ́n ní ká máa gbà,
jẹnẹrétọ̀ ti gbà á,
ẹni tó ń ta táyà ti to táyà sí i,
mọ́tò kan sùn sí i gbọọrọ bí ẹni tó sanwó ilẹ̀,
ọlọ́kadà sì ń fọn fèrè lẹ́yìn wa níbẹ̀
pé ká yà fún òun.

Wọ́n kun ìlà funfun sójú títì lọ́jọ́ kan bí aṣọ òfì.
Kò pé ọdún tí táyà lá a.
Ó ku mẹ́ta. Mo máa ń kà wọ́n tí iṣẹ́ ò bá sí.

Bàbá Àtàndá tó fẹ̀yìn tì ní rélùwéè
ṣì ń dúró létí títì bí ẹni ń retí asíá.
Ó ní, “Ọkọ̀ ojú irin a máa ké kó tó dé.
Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?”
Mo rán bàtà mẹ́ta kó tó ráyè kọjá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn òjò,
Àmídátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń bọ̀ láti Ìgbóná.
Ó yà fún àpótí kan,
ó bọ́ síbi tí kọnkéré orí gọ́tà ti ṣí.
Ẹsẹ̀ jáde. Bàtà ò jáde.
Àgbàrá gbé e, ó forí lé Ọ̀ṣun.
Ó dúró síwájú mi tẹrẹ̀tẹrẹ̀:
“Bàbá, ẹ bá mi ṣe ìkejì.”

Mo bínú. Mo bú ìjọba ìbílẹ̀, mo bú agbaṣẹ́ṣe,
mo bú ẹni tó jí irin orí gọ́tà tà.
Àwọn oníbàárà ń mi orí.
Àmídátù ò bú ẹnikẹ́ni.
Ó wo ihò,
ó wo àpótí mi,
ó tún wo ihò.

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ mi lẹ́nu.
Ó lé lógún ọdún tí mo ti jókòó sójú ọ̀nà ẹsẹ̀,
tí mò ń rán bàtà tí ìjókòó mi ń já.

Mo gé táyà, mo ṣe sálúbàtà kan fún un.
Kò bá èkejì mu. Ó wọ̀ ọ́ lọ, ó ń tiro díẹ̀.
Nírọ̀lẹ́ mo gbé àpótí, òòlù, agboòrùn,
mo fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù Alájà Sìkírátù:
ẹsẹ̀ bàtà méjì péré.
Alájà ní mo dí ojú ọjà òun. Òótọ́ ni. A ṣì ń fà á.

Ihò ò tíì kúrò. Mo ri igi bọ̀ ọ́, mo so àkísà pupa mọ́ ọn.
Láàárọ̀ yìí, ẹsẹ̀ mẹ́rin kọjá lẹ́ẹ̀kan náà,
ìyá àtọmọ, wọ́n dira wọn lọ́wọ́ mú,
wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa iṣu,
wọn ò tilẹ̀ wo ilẹ̀.