Bí O Bá Sọ̀ ní Kútọnu

Táófíkì, wákàtí mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ yín fún yín.
Mo ti fi ìka kà á, mo tún fi ẹ̀wà kà á:
aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.
Má jẹun nínú ọkọ̀. Má tẹ̀lé àwọn àlejò
wọ bọ́ọ̀sì ńlá tí ń mí atẹ́gùn tútù;
ibi ère ni wọ́n ń kó wọn lọ, kì í ṣe ilé.

Rìn jáde ní géètì. Ká aṣọ funfun yẹn sínú àpò,
torí bí àwọn onísẹ́míjàn bá rí i lọ́rùn rẹ
owó òyìnbó ni wọn yóò bù lé ọ.
Bí ẹlẹ́wù ìyeyè kan bá pe ẹgbẹ̀rún, rẹ́rìn-ín,
sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kẹ̀kẹ́ náà lẹ ń tà ni?"
Yóò mọ̀ pé ọmọ ilé ni ọ́.
Yóò gbé ọ dé Tọ̀kpá ní ọ̀ọ́dúnrún.

Ní Tọ̀kpá, gbọ́ ẹni tí ń pariwo "Àjàṣẹ́! Àjàṣẹ́!"
Má wá takisí tó mọ́, wá èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.
Ẹni mẹ́rin lẹ́yìn, ẹni méjì níwájú,
o sì lè gbé ọmọ ọlọ́mọ lé itan.
Fara dà á.

Lẹ́yìn Sẹ̀mẹ̀, wàá rí epo nínú ìgò lẹ́bàá títì.
Ìyá Sikírá kò tà á mọ́. Iná jó o lápá.
Bí atẹ́gùn bá yí padà, tó ń rùn bí ẹja àti ẹrẹ̀,
ọ̀sà nìyẹn, ẹ ti dé afárá.
Má wo fóònù. Wojú omi,
níbi tí Bàbá ti ń fi agbọ̀n wa yanrìn,
òun tí kò wọ ọkọ̀ kankan rí
tó ju igi kan tí wọ́n gbẹ́ nínú lọ.

Sọ̀ níbi mọ́ṣáláṣí tó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì.
Má wá igi máńgòrò wa, wọ́n gé e
nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà lójú.
Ka ilẹ̀kùn. Ìkẹrin ni tiwa, kò búlúù mọ́.

N kò sọ fún Màámi.
Lọ́dún tó kọjá mo sọ: ó se ẹ̀kọ, ó pa pẹ́pẹ́yẹ,
ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ọkọ̀ yín kò dúró. Wọ́n ní òkun ń ru.
Àwa la jẹ pẹ́pẹ́yẹ náà. Kò dùn.

Nítorí náà, wọlé bí ẹni tó lọ ra iyọ̀.
Bó bá ní níbo lo ti pẹ́ tó báyìí,
sọ pé èrò pọ̀ lọ́nà.
Yóò yẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ wò,
yóò rí ibi tí ọṣẹ ìfọṣọ ọkọ̀ ti jẹ ẹ́.
Má fà á padà.

Wọ́n ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko;
ẹni tí oko rẹ̀ ń léfòó ńkọ́?

Aago kan ààbọ̀, dìde. Mo mọ̀, oúnjẹ kò tíì dà.
Dìde.
Màá sìn ọ́ dé ìdí takisí, n kò ní kọjá ibẹ̀.
Bí títì bá dí, bí ọkọ̀ náà bá fi ọ́ sílẹ̀...
N kò gbàdúrà bẹ́ẹ̀ o.
Mo kàn fọ aṣọ ìbora rẹ ni,
mo sá a sórí okùn.