Ìlà Ìṣó Lára Ògiri

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Mọ́lété
ìlà kan wà lára ògiri tí ọ̀dà kò gbọdọ̀ bò.
Ìṣó ni Láníhùn, bàbá mi, fi fà á
lọ́dún tí Ògùnpa wọlé láìkan ìlẹ̀kùn.
Ó dé àyà àgbàlagbà.
Ó ga ju orí Àjíún, àbúrò mi, lọ.

N kò bi bàbá mi léèrè.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo ṣe bí ọ̀fọ̀ ni.

Ọdún yẹn kan náà ni Tíṣà Oyèékàn fi ṣọ́ọ̀kì ya odò kan
láti òkè pátákó dé ìsàlẹ̀, títí ṣọ́ọ̀kì fi kán.
"Náìlì rèé," ó ní. "Iyanrìn lọ́tùn-ún, iyanrìn lósì.
Lọ́dọọdún odò náà á kún, á bo oko,
bó bá sì fà sẹ́yìn, á fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀.
Inú ẹrẹ̀ yẹn ni Íjíbítì ti hù."

Mo nawọ́. Mo ní: ẹ jọ̀ọ́, mà,
èèyàn mélòó ló bá omi lọ?

Kíláàsì pa rọ́rọ́.
Tíṣà nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò parọ́ fún mi.
"N kò mọye wọn," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n nígbà náà.
Nígbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi."

Wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn òkúta sọ̀ kalẹ̀ wọ inú odò,
wọ́n fa ìlà sí i lára, ìlà lórí ìlà:
bí omi kò bá dé ibí, ìyàn ń bọ̀;
bó bá dé ibí, ẹ tún àká ṣe;
bó bá kọjá ibí, ẹ gbé ọmọ yín gun òkè.
Odò á pa ààlà oko rẹ́,
wọn á mú okùn oníkókó, wọn á tún un wọ̀n.
Wọ́n ń ṣọ́ ìràwọ̀ kan tó máa ń yọ ní ìdájí
nígbà tí omi bá ti ń bọ̀ lọ́nà.
Akọ̀wé ká ẹsẹ̀ kò, ó tẹ́ ìwé sórí itan,
ìwé tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe,
ó ń kọ ọ́: ta ló san, ta ló jẹ gbèsè,
agbọ̀n ọkà mélòó.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ délé.
Ọ̀mọlé ni bàbá mi, ẹrẹ̀ kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀.
Mo sọ ti bíríkì tí wọ́n sá sóòrùn,
ti ibojì ọba tó fi àkàsọ̀ àkàsọ̀ ga sókè,
ti òkúta tó tóbi ju yàrá wa lọ.
Ó ní: "Ta ló ń bọ́ àwọn tó ń fà á?"
Mo ní: búrẹ́dì ni, àlùbọ́sà, àti ọtí ọkà.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà tí a ti sin Àjíún.
"Á jẹ́ pé òkúta kọ́ ló kọ́lé náà. Ọkà ni.
Ẹrẹ̀ ló sì bí ọkà."

Ó wo ògiri, kò fọhùn mọ́.
Ní ọjọ́ kejì ó mú ìṣó kan náà,
ó lọ sí abẹ́ afárá, ó wọ inú omi dé orúnkún,
ó fa ìlà kan. Láti ọjọ́ yẹn,
bí òjò bá ti dá, abẹ́ afárá ni.
Àwọn èèyàn ń pè é ní wèrè Ògùnpa.
Ìwé ìdárò-ọ̀rọ̀ mi àtijọ́ ló fi ń kọ iye rẹ̀ sí,
nọ́ńbà wọ́gọwọ̀gọ, nítorí kò lọ ilé-ìwé.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ti lọ.
Lánàá, Ìbídùn, ọmọ ọmọ mi, fẹ̀yìn ti ògiri.
Ìka mẹ́ta ló kù kí orí rẹ̀ kan ìlà.
Títí ìka mẹ́ta yẹn yóò fi tán,
Òkè Àrẹ̀mọ ni yóò máa sùn
tí oṣù keje bá ti wọlé.