Ògiri Ilé Ẹ̀rọ

Lẹ́tà kìíní dé lásìkò ìkórè,
mo fi dí ihò tí òjò ń gbà wọlé.
Èkejì dé, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ẹ̀kẹta ni ọmọ mi kà sókè,
ó dé ibi iye owó, ó dákẹ́,
ó tún un kà bí ẹni tí ojú ń tàn:
mílíọ̀nù mẹ́ta àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà,
owó-orí ọdún mẹ́rin,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á fi àgádágodo sílé ẹ̀rọ.

Èmi tí mo ń fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo bó ìrẹsì n'Ígbẹ́mọ,
ẹ̀rọ tó ń fa dísẹ̀lì bí ọmọ tó ń fa ọmú!
Mo jókòó sórí àpò èèpo,
oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun.

Àyọ̀dèjì, ọmọ àbúrò bàbá mi, gbọ́.
Ó ní, "Mo mọ ẹni tó mọ ọ̀gá wọn l'Ádó.
Ẹ mú ọ̀kẹ́ méjì wá, ọ̀rọ̀ á kú."
Ọ̀kẹ́ méjì lọ, Àyọ̀dèjì bá a lọ.
Ọ̀rọ̀ kò kú; fóònù rẹ̀ ló kú.

Ìyàwó mi ló dárúkọ Bọ́sẹ̀dé Fáṣuyì,
oníṣirò owó, lókè ilé oògùn kan ní Ìjìgbò.
Obìnrin kúkúrú, ó ń jẹ ẹ̀pà,
ó wo ọjọ́ orí lẹ́tà, ó ka ìka:
"Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti ta kò ó.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé. Ṣé ẹ sùn ni?"

Ó bèèrè ìwé ìṣirò. Mo ní n kò ní.
Ó bèèrè risíìtì. Mo ní eku ti jẹ ẹ́.
"Níbo lẹ wá ń kọ gbèsè oníbàárà sí?"
Ojú tì mí kí n tó dáhùn: "Sára ògiri."

Ilẹ̀ mọ́, ó ti dé Ìgbẹ́mọ.
Ó bọ́ bàtà, ó dúró níwájú ògiri mi.
Ẹfun, èédú, bírò: odidi ọdún mẹ́rin.
Dísẹ̀lì, kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà. Bẹ́líìtì já.
Ìyá Ọ̀mùò kò tíì san. Òfo, òjò kò rọ̀.
Ó ya fọ́tò, ó kọ ọ́, ó tún bi mí,
títí eruku èèpo fi sọ irun rẹ̀ di funfun.
N kò mọ̀ pé ẹnìkan lè ka ìyà mi
kó sì rí nọ́ńbà níbẹ̀.
Ọwọ́ tèmi, ọwọ́ agbápò, kò wọ akèrègbè yìí;
tirẹ̀ wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́.

Mo ti múra ìjà dé ọ́fíìsì owó-orí.
Akọ̀wé tó gbà wá kò ju ọmọ mi lọ.
Ó ní, "Bàbá, ẹ kò sọ iye tó ń wọlé,
la bá fojú bù ú."
Fojú bù ú! Ojú wo ló tóbi tó báyìí?
Bọ́sẹ̀dé tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Kò bú wọn, kò bẹ̀ wọ́n.
Ó ń yọ ìwé, wọ́n ń wò ó.
Ọ̀sẹ̀ méje la fi lọ, la fi bọ̀,
kí mílíọ̀nù mẹ́ta tó fẹ́ lọ bí èèpo,
kí ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún tó kù lórí atẹ,
kí n san án díẹ̀díẹ̀ fóṣù mẹ́fà.

Mo fẹ́ jó. Ó ní kí n jókòó:
"Èyí tó kù yẹn, gbèsè yín ni lóòótọ́."
Ó gba owó iṣẹ́ tirẹ̀, ó já risíìtì fún mi,
àkọ́kọ́ tí eku kò rí jẹ.

Mo ti ra ìwé ńlá kan, aláwọ̀ búlúù.
Lálaalẹ́ ni mo ń kọ ọ́.
Ṣùgbọ́n ara ògiri ni mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí,
kí ọwọ́ mi tó gbà á gbọ́.