Má Mira

Aago mẹ́fà ìdájí ni mo ti kúrò ní Àpọnmù,
bàtà òjò lẹ́sẹ̀, owó dídì nínú aṣọ,
mo forí lé Àkúrẹ́, ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàáká,
láti lọ tọrọ ohun tí bàbá mi kò tọrọ lọ́wọ́ ẹnìkan rí:
àyè láti wọ igbó tí wọ́n sin ìwọ́ mi sí.

Ọmọbìnrin kan wà nídìí tábìlì.
Bọ́sẹ̀dé ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀.
Ó ní, "Bàbá, ẹ ti ń dẹ igbó látìgbà wo?"
Mo ní, "Kí ìyá rẹ tó wọ ilé ọkọ."
Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ogójì ọdún.
Ó wá la ìwé òfin, ó ń kà á
bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì.
Akíka, ẹ ò gbọdọ̀ pa á.
Ìnàkí, ẹ ò gbọdọ̀.
Ẹran tó lóyún, ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú.
Gamalín nínú odò, ẹ má dán an wò.
Igbó tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi, ẹ yà fún un.
Mo ń mi orí,
ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, iye akíka ni mo ń kà
tí mo ti fi há orí ọ̀pá létí títì
fún àwọn onímọ́tò tó ń lọ sí Oǹdó.
Mo kà á dé mọ́kànlá, mo dákẹ́.

Bàbá mi náà ní òfin, kò kàn ní tábìlì ni.
Á fà mí létí, á ní, "Akínbọ̀dé,
ẹni tó pa aboyún ẹtu
ti jẹ ọbẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ mọ́ tọdún yìí."
Ebi ló kọ́kọ́ gbàgbé. Èmi tẹ̀ lé e.

Ó ku fọ́tò.
Ọmọkùnrin kan wà lábẹ́ agboòrùn níta,
ó ta aṣọ pupa sẹ́yìn mi, ó ní kí n ṣí fìlà.
"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, Bàbá.
Ẹ wo ibí. Ẹ má mira."
Iná kọ mànà.
Mo dúró gbagidi.
Ojú mi là, n kò rí títì, n kò rí ọmọ náà,
ẹsẹ̀ mi mọ̀ pé ó yẹ kí òun sá, kò sá.
Àṣé báyìí ló ń rí.
Ogójì ọdún tí mo ti ń gbé iná kábáídì síwájú orí,
n kò bi ẹran kan ṣoṣo léèrè rí
ohun tó ń rí.

Wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ ìwé, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀.
Disẹ́ńbà ni ìwé náà yóò kú.
Ìyàwó mi gbà á, ó wò ó títí,
ó ní, "Ta ló lé ọ?"

Òru ọjọ́ Ẹtì, mo wọ igbó.
Ìwé wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú àpò gbẹ̀rí.
Nídìí igi arère, ojú méjì tàn.
Akọ ìgalà ni, ìwo rẹ̀ dúró ṣánṣán.
Kò sí ọ̀dà pupa lára igi kankan.
Òfin dá mi láre láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.
Mo gbé ìbọn lé èjìká.
Ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.

Mo yìn ín. Ẹ má retí kí n purọ́,
wọn kì í fi àánú san owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi.
Ṣùgbọ́n kí n tó yìn ín,
mo pa iná orí mi,
mo ka ení, èjì, ẹ̀ta,
mo dúró kí ojú rẹ̀ padà sí i lára,
kí ó rántí pé òun ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.
Mo tún un tàn.
Ó ṣì wà níbẹ̀.

N kò mọ ẹni tó sọ fún un pé kó má mira.