Bàtà Òsì

Bàtà irin kan ṣoṣo, ti ẹsẹ̀ òsì,
ni ìyá mi fi ń dá ilẹ̀kùn dúró ní Bukuru
kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ má baà gbá a.
Mo bi í léèrè ìkejì rẹ̀.
Ó ní, "Kò ní ọ̀tún rí."

Ọdún tí kùsà ń tà wàràwàrà,
Ṣítù Ayélàágbé, mẹkáníìkì reluwé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́,
kó ọkùnrin mẹ́rin jọ:
Davou, tí kò gun ohun tó ju kẹ̀kẹ́ lọ rí,
Mato ọmọ alápatà,
Okorie akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́,
àti Láníyọnu, bàbá mi.
Ìjì Bukuru ni wọ́n pe ara wọn.
Alùpùpù mẹ́ta ni wọ́n ní.
Wọ́n tú bíréèkì kúrò lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
eré yìí kò fẹ́ ẹni tó ń ro àtidúró.

Iyanrìn dúdú tí wọ́n ti fọ kùsà inú rẹ̀ tán
ni wọ́n tẹ́ yí pápá ká.
Òsì ni wọ́n ń yà. Òsì, òsì nìkan.
Àwọn àgbà Yorùbá mirí:
a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Wọ́n mirí tán, wọ́n san tọ́rọ́, wọ́n jókòó.

Ní kọ́nà, bàbá mi á gbé ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀,
irin á fá ilẹ̀, iná á ta pàrà,
ẹ̀yìn alùpùpù á máa sá lọ
bí ẹni fẹ́ já iwájú sílẹ̀.
Eruku á bo òǹwòran.
"Kó tó rọlẹ̀," ni ìyá mi wí,
"gbogbo wa ti jọ ọmọ ìyá kan náà."

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá péré.
Kàdúná nà wọ́n. Kánò nà wọ́n.
Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n borí,
lọ́jọ́ tí alùpùpù àwọn ará Sáríà kú sójú ọ̀nà.
Lẹ́yìn náà ni àwọn awakùsà dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀:
kùsà ṣì wà lábẹ́ pápá.
Wọ́n wa ibẹ̀ kòtò.
Òjò ọdún púpọ̀ ti kún un;
ewúrẹ́ ń mu níbẹ̀, àwọn ọmọge ń fọṣọ.

Bàbá mi kì í dárúkọ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n bí a bá jọ rìn dé oríta,
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á wọ́lẹ̀ díẹ̀,
á sì yà sí òsì,
bẹ́ẹ̀ ọ̀tún nilé wà.
Mo máa ń tẹ̀ lé e.