Mélòó Nínú Mẹ́wàá

Nọ́ọ̀sì, ẹ fi bírò yín sílẹ̀ ná.
Ẹ ní kí n díwọ̀n ayé mi láti òdo dé mẹ́wàá,
kí n sọ ibi tó dé.
Àwa tí a ń ṣa obì ní Sábó, ní Ṣágámù níhìn-ín,
a kì í ka obì tí a ò tíì bó.
Mẹ́wàá sì ni tiyín.
Obì gbànja, awẹ́ méjì péré ni.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.
Òde rẹ̀ á máa dán,
oníbàárà á gbé e, á fi nu aṣọ, á yìn ín.
Ìgbà tó bá là á ni yóò tó rí ìyẹ̀fun.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa tírélà obì lọ sí Kánò.
Kásálì ni ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ọmọ Ìpẹrù,
ó máa ń sùn lórí àpò obì bí ẹni sùn sórí tìmùtìmù.
Mi ò ní sọ ti alẹ́ yẹn fún yín.
Mo ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá,
mo sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀,
mo sọ ọ́ fún ìyá Kásálì, àyà mi nílẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn tó.
Ohun tí mo lè sọ ni pé ó pè mí ní "Ọ̀gá",
ẹ̀ẹ̀mejì.
Ẹ̀ẹ̀kejì kò parí.

Láti ọjọ́ náà, ẹ wo bí ìlú ṣe kún fún ọ̀gá!
Ọlọ́kadà ń pè mí lọ́gàá, ẹni tó ń ta káàdì,
ọmọdé tó ń ṣagbe.
Ẹnì kan pariwo rẹ̀ ní Sábó lọ́sẹ̀ tó kọjá;
kí n tó mọ̀, mo ti wà lábẹ́ tábìlì olóbì,
apẹ̀rẹ̀ ti dojú dé, obì ń yí lọ sínú gọ́tà.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Mi ò wakọ̀ mọ́. Láti Mákun dé Sábó, ẹsẹ̀ ni.
Wọ́n ní kí n ṣe bí ọkùnrin.
Ọkùnrin náà ni mò ń ṣe láti òru mọ́jú,
lórí àga, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, bàtà lẹ́sẹ̀.

Adétóún ìyàwó mi kì í fọwọ́ kàn mí jí mọ́.
Á dúró lókèèrè, á máa ju èèpo obì lù mí lẹ́sẹ̀,
ọ̀kan, òmíràn,
títí n ó fi lajú tí n ó fi mọ̀ pé ilé ni mo wà.
Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀: obìnrin tó ń fi èèpo obì jí ọkọ.
Mélòó ni yóò jẹ́?

Ọjọ́ Ajé, mo sùn di aago márùn-ún.
Mo jí, ẹ̀rù bà mí nítorí pé ẹ̀rù ò bà mí.
Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, òjò ti fọ páànù,
mo da omi sí gàrí, ó ń ṣe ṣìì bó ti ń mumi,
mi ò sì rántí ohunkóhun.
Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.
Ẹ bá mi wá àyè fún un nínú ìwé yín.

Mo rò pé mẹ́ta ni.
Ẹ dúró. Jímọ̀ lònìí.
Ìyá Kásálì máa ń wọ mọ́tò wá láti Ìpẹrù ní Jímọ̀;
á jókòó tì mí, á máa bá mi bó obì,
kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Òun nìkan ni kì í pè mí lọ́gàá.
"Odùnúgà," á ní, "o ti jẹun?"

Ẹ kọ márùn-ún.
Bírò kọ́ o.
Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́.