Ẹ Má Ṣẹ́ Ẹ

Ní Ìrojò, ní Iléṣà, lọ́jọ́ tí Ìbídùnní pé ọdún méje,
ìyá mi ti di sìpàgẹ́tì mú bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ igi ìdáná,
orúnkún rẹ̀ ti gbéra,
ni bàbá àgbà ké láti inú yàrá:
"Ẹ má ṣẹ́ ẹ!"

Ọ̀ṣúntúyì, ọmọ òṣómàáló.
Bàbá tirẹ̀ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó aṣọ fi pé;
òun, ogún ọdún ló fi lóṣòó nínú ọkọ̀ òkun,
nídìí ààrò irin,
láàárín àwọn ọmọ Filipíìnì mẹ́rin.
Ó ń bó àlùbọ́sà, ó ń gbọ́ ìjà.

Ìjà kí ni? Ìjà pánsìtì.
Krisánto ará Malabọn ní tòun ni ojúlówó:
okùn ìrẹsì tó ki bí okùn bàtà,
ó pọ́n bí epo, edé jókòó lé e lórí.
Rodẹ́lì ará Lukubán á bú sẹ́rìn-ín:
"Ta ní ń fi fọ́ọ̀kì jẹ pánsìtì?
Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, fínígà díẹ̀,
kí o tẹnu bọ̀ ọ́, kí ọwọ́ má gbọ́ sí i."
Ará Tugegaráò kì í sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀.
Á rọra fọ́ ẹyin lé ẹran ẹfọ̀n lórí, á máa jẹun lọ.
Nẹ́stọ̀ ará Ilóílò ló wá da gbogbo rẹ̀ rú:
pánsìtì tirẹ̀, omi ọbẹ̀ ni,
ẹran tí a fi ìyẹ̀fun wé,
okùn kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀!
"Kí ló wá sọ ọ́ di pánsìtì?"
"Ìyá mi ló pè é bẹ́ẹ̀."
Bàbá ní bí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nídìí odó ló rí:
iyán kan náà, ẹnu ò kò.

Ohun kan péré ni wọn ò jà lé lórí:
lọ́jọ́ ìbí, ẹnì kan kì í gé e.
Bó bá ṣe gùn, bẹ́ẹ̀ lẹ̀mí ṣe ń gùn.

Ìkòkò wa kéré.
Sìpàgẹ́tì dúró ṣánṣán, ó yọrí síta
bí ìgbálẹ̀ tí a dorí rẹ̀ kodò.
Ìyá mi pòṣé.
"Ẹ ní sùúrù."
Ooru mú un nídìí, ó tẹ̀ díẹ̀,
ó tún tẹ̀,
ó wá dọ̀bálẹ̀ bí ọkọ ìyàwó níwájú àna.

Ẹja gbígbẹ láti ọjà Àtàkúnmọ̀sà, epo ṣíbí kan nítorí àwọ̀.
Fínígà ò sí, bàbá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.
Ó já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, ó yá a lórí iná.
Ìbídùnní tẹnu bọ̀ ọ́.
Okùn kan nà láti ètè rẹ̀ dé orí ewé,
ó ń fà á, ó ń fà á,
gbogbo wa di èémí mú
títí ìdí rẹ̀ fi wọlé, tó ta epo sí i nímú.

"Nẹ́stọ̀ ńkọ́?" ni mo bi bàbá.
Ó ń nu imú ọmọ.
"Ṣebí mo ti wí fún ọ," ló dáhùn,
"tirẹ̀ ò lókùn."
Ó sì tẹrí ba sórí ewé tirẹ̀.